Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Àṣẹ Ọjọ́ Mẹ́rìnlá ti Ọdún 1969 àti Àwọn Ìdílé Tí Ó Pín sí Méjì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí léèrè pé kí ni ìdí tí mo fi ń pe òwe ní òfin àwọn baba wa. Èsì mi ni pé òwe ni ó ń sọ fún wa bí ó ti yẹ kí ayé rí. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé a di ọṣẹ. Ewé ni àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń pọ́n ọṣẹ dúdú. Bí ó bá pẹ́ títí, ewé náà a rọ̀, a sì wọnú ọṣẹ, kò ní sí ẹni tí ó lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì mọ́.

Lónìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ewé kan tí ó ti pẹ́ lára ọṣẹ, tí ìjọba sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìtàn àwọn Yorùbá tí ó ń gbé ní orílẹ̀-èdè Gánà ní ọdún 1969 ni. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ó mọ àpò tí à ń pè ní "Ghana Must Go", ẹ sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1983 tí àpò náà fi gba orúkọ yẹn. Àwọn tí ó mọ̀ pé ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lé àwọn tiwa kúrò ní Gánà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ ohun tí àṣẹ náà ṣe láàárín ọkọ àti aya, láàárín bàbá àti ọmọ, kéré sí i. Apá ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Alata

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ àsíá kan náà ni Nàìjíríà àti Gold Coast wà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì gba ọ̀nà Dàhòmì àti Tógò kọjá, wọ́n tẹ̀dó sí Àkrà, Kumasi, Tamale àti àwọn abúlé kéékèèké tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, dígí, abẹ́rẹ́, àti ohun èlò kẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìtàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà yóò rí i pé àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára àwọn tí ó gbin ìjọ náà.

Àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n ní Alata. Àwọn kan ní láti ara ọ̀rọ̀ wa "aláta" ni orúkọ náà ti jáde; àwọn mìíràn tọ́ka sí ìlú Àládà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ibi yòówù kí ó ti wá, ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè Twi ṣinṣin. Títí di òní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Gánà, èyí tí ó túmọ̀ sí ọṣẹ àwọn Alata. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àfiwé lásán. Ewé ti di ọṣẹ débi pé orúkọ ewé ni wọ́n fi ń pe ọṣẹ.

Nígbà tí Gánà ṣe ètò ìkànìyàn ní ọdún 1960, gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 6.7. Àwọn tí ìpilẹ̀ wọn jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn nínú wọn lé ní 800,000, ìyẹn bí ènìyàn méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé Gánà gan-an ni wọ́n bí wọn sí. Ètò ìkànìyàn yẹn kà wọ́n sí ará ilẹ̀ òkèèrè nítorí ibi tí àwọn baba wọn ti wá.

Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó sọ ẹni tí í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí wọ́n bá bí sí Gánà, tí wọ́n sì bí ó kéré tán ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ Gánà ni. Òfin náà kò burú lójú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ènìyàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ìyá jẹ́ ọmọ Gánà, kí ọkọ rẹ̀ jẹ́ àjèjì, kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, kí àwọn ọmọ ìyáálé rẹ̀ sì jẹ́ àjèjì, bẹ́ẹ̀ orí ẹní kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ ń sùn.

Àmì àkọ́kọ́ pé ọ̀rọ̀ náà lè le yọ ní ọdún 1957 kan náà. Ìjọba Kwame Nkrumah fẹ́ lé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí méjì kúrò ní Kumasi, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden Lalemi, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ alátakò. Àwọn méjèèjì gba ilé ẹjọ́ lọ pé ọmọ Gánà ni àwọn. Kí adájọ́ tó parí iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tí ó dárúkọ àwọn méjèèjì gangan, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfurufú kó wọn lọ sí Kano. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yẹ kí gbogbo ará Zongo mọ̀ pé bíbí tí wọ́n bí ènìyàn sí ibì kan kò tó láti dáàbò bò ó.

Ní ọdún 1963, òfin mìíràn jáde tí ó béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àjèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa kò kà á sí. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń ta abẹ́rẹ́ lójúde kan náà láti ogún ọdún? Ní ọdún 1968, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó ní kí wọ́n fi àwọn òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1969, Dókítà Kofi Abrefa Busia di olórí ìjọba. Gbèsè wà lọ́rùn orílẹ̀-èdè náà, iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́, ohùn àwọn tí ó ń sọ pé àwọn àlejò ni ó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn sì ń ròkè.

Ọ̀mọ̀wé ni Busia. Oxford ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Legon, ó sì kọ ìwé pàtàkì nípa ipò ọba láàárín àwọn Àṣáńtì. Ó mọ bí ẹbí ṣe ń so pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sá kúrò nílùú láti ọdún 1959 títí di ọdún 1966, nítorí náà ó mọ adùn àti ìkorò ilẹ̀ àjò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú, ì báà jẹ́ ará Áfíríkà tàbí ará ibòmíràn, gba ìwé tàbí kí ó jáde kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni òpin. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí ó ṣẹ́kù. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tí ó kúrò ní Gánà lé ní 100,000.

Ilé kan ní Kumasi

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tí ó bí bàbá mi. Ọdún 1937 ni ó wọ Kumasi, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ìwé kankan lọ́nà. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń tà. Ó fẹ́ ìyá bàbá mi, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì bí bàbá mi sí Kumasi ní ọdún 1955. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Àṣáńtì, tí ó ń ta àlùbọ́sà ní ìsọ̀ tí ó kọjú sí tirẹ̀ lọ́jà. Ìyẹn bí obìnrin kan fún un ní ọdún 1960, ó sì bí ọkùnrin kan ní ọdún 1968. N kò ní kọ orúkọ wọn síbí, nítorí wọn kò rán mi pé kí n gbé wọn jáde.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n, ìdílé kan sì ni wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi ṣú, mẹ́ta nínú wọn ti di ẹni tí ìlú kò fẹ́. Bàbá àgbà ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ní Kumasi, àmọ́ kò ní ìwé. Ìyá àgbà kò ní. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò fi ojú kan Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n kò sí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ tí wọ́n bí sí Gánà. Ìyàwó kékeré àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni òfin kò fọwọ́ kàn.

Ṣé òótọ́ ni pé òfin kò fọwọ́ kàn wọ́n? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Obìnrin Àṣáńtì yẹn kò rú òfin kankan. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ní láti yàn: kí ó fi ìlú rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀lé ọkọ lọ sí ibi tí kò mọ̀, tàbí kí ó jókòó sílẹ̀ kí ó di opó ọkọ tí kò kú. Ọmọ ọdún kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìwé ìgbélùú, àmọ́ ìyà ìwé náà dé orí rẹ̀.

Bàbá àgbà gbìyànjú. Kí ènìyàn tó gba ìwé ìgbélùú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà ìlú rẹ̀. Òwúrọ̀ mẹ́rin ni ó fi tò sórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́, kò dé iwájú. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ta ọjà rẹ̀ ní ìdajì owó tí ó fi rà á. Àwọn tí ó rà á jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀kan nínú wọn ń sunkún bí ó ti ń ka owó.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó wá le jù. Ní tiwa, bàbá ni ó ni ọmọ. Ní ti àwọn Àṣáńtì, láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, abusua ìyá ni ó sì ni ọmọ. Arákùnrin ìyá, tí wọ́n ń pè ní wɔfa, ni ó ní ọ̀rọ̀ lórí wọn. Fún ọdún mẹ́sàn-án, àṣà méjèèjì yìí ti ń gbé inú ilé kan náà láìjà. Ọmọbìnrin yẹn ní orúkọ méjì, oríkì kan, àti ilé bàbá pẹ̀lú ilé ìyá. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti béèrè pé ta ni ó ni ín. Àṣẹ ìjọba ni ó mú kí wọ́n béèrè. Àwọn ẹbí ìyàwó pé jọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé jọ, wọ́n fi òru méjì sọ̀rọ̀. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé kí ọmọbìnrin tẹ̀lé bàbá rẹ̀, kí ọmọ ọwọ́ dúró ti ìyá rẹ̀ nítorí ọmú. Gbogbo wọn ni ó gbà pé oṣù díẹ̀ ni, pé ìjọba yóò rọ̀.

Àlejò, àjèjì, àti ẹni tí kò ní ìwé

Ẹ gbà mí láyè kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Nínú èdè wa, àlejò ni ẹni tí ó wá bá wa. Kò sí àlejò tí kò ní onílé. Bí o bá pe ènìyàn ní àlejò, o ti di onílé nìyẹn, omi àti ìjókòó sì ti di dandan fún ọ. Àjèjì le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó jẹ́ ẹni tí ojú kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti mọ àjèjì, kò jẹ́ àjèjì mọ́. Àwọn méjèèjì jẹ́ ipò tí ìgbà ń yí padà. Èdè Twi náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ɔhɔhoɔ, ni wọ́n fi ń pe àlejò àti àjèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú àṣẹ ọdún 1969 ni "alien". Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní onílé nínú. Ìgbà kò sì ń yí i padà. Ẹni tí ó dé lánàá àti ẹni tí ó ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wà ní ìpele kan náà, nítorí ìwé ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Nígbà tí wọ́n ka àṣẹ náà lórí rédíò, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tàbí ti Twi tí ó lè gbé e délẹ̀. Mo rò pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ fi sọ pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Àbọ̀ sílé tí kò rọgbọ

Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n irú ilé wo ni wọ́n bọ̀ wá bá? Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì parí. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ó tó parí. Ìwọ̀ oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí lẹ́yìn ìjà Àgbẹ́kọ̀yà lórí owó orí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1969 yẹn kan náà ni rúkèrúdò náà pa Ṣọ̀ún. Ìlú tí kò rí owó ni ọkọ̀ lọ́rì já àwọn ènìyàn sí pẹ̀lú ẹrù orí wọn.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe bàbá mi ní ará Gánà. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀, ìró Twi wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìyá àgbà mi ni ó tọ́ ọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé bí ọmọ náà bá fẹ́ sunkún, yóò lọ sẹ́yìnkùlé, yóò sì pe ìyá rẹ̀ ní èdè Twi. Oṣù díẹ̀ di ọdún. Lẹ́tà máa ń dé, lẹ́yìn náà kò dé mọ́. Bàbá àgbà kú ní ọdún 1988. Kò fi ojú kan ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ní Kumasi mọ́.

Gánà náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọwọ́ iṣẹ́ dín kù ní oko kòkó, ìsọ̀ ṣófo ní ọ̀pọ̀ ọjà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ ti lọ. Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní oṣù kìíní ọdún 1972, ó sì kú ní Oxford ní ọdún 1978, lórí ilẹ̀ àjò.

Nígbà tí ó kan àwa náà

Bí ìtàn yìí bá parí síbẹ̀, ì bá rọrùn fún wa láti bú Gánà. Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀. Ní ọdún 1979, wọ́n fẹnu kò ní Dakar pé kí ará orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Owó epo rọ̀bì wà ní Nàìjíríà nígbà náà, àwọn ará Gánà sì wá. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń tún bàtà ṣe. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ohùn tí ó ròkè ní Gánà ní ọdún 1969 ròkè ní Èkó pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde kí oṣù tó parí. Ẹ ka ọjọ́ rẹ̀: mẹ́rìnlá ni. Àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó kó ẹrù, ará Gánà sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Gánà ti ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Tógò àti Benin náà tì í, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì há sí Sẹ̀mẹ̀ títí Gánà fi ṣí ibodè ní ọjọ́ 29. Ní ọdún 1985, Nàìjíríà tún lé àwọn mìíràn.

Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé kúrò ní Kumasi ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti di ìyàwó ilé ní Ìbàdàn nígbà náà. Ọmọ Gánà kan tí ó jẹ́ aránṣọ ni ọkọ rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979 gbà kí obìnrin òkèèrè tí ó fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè. Kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin òkèèrè tí ó fẹ́ obìnrin Nàìjíríà, kò sì tíì sí nínú èyí tí a ń lò láti ọdún 1999. Ọmọ Nàìjíríà ni Àǹtí mi nítorí bàbá rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ ọdún méjì tí ó pọ̀n. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn méjèèjì kò lè dá ọkọ rẹ̀ dúró. Ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ dáhùn ní ọdún 1969 ni òun náà dáhùn ní ọdún 1983, òun sì yàn láti tẹ̀lé ọkọ.

Wọ́n dé Kumasi. Ìyá rẹ̀ wà láàyè. Wọ́n dì mọ́ ara wọn lójúde, ìyá ń sọ Twi, ọmọ ń fi Yorùbá dáhùn, nítorí pé ọdún mẹ́rìnlá ti gba Twi lẹ́nu rẹ̀. Ó ní láti tún èdè ìyá rẹ̀ kọ́ bí ọmọdé.

Ògbufọ̀ láàárín ọbàkan

Ní ọdún 2011, mo sin bàbá mi lọ sí Kumasi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò rí ọbàkan rẹ̀ láti ìgbà tí ìyẹn ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "ọbàkan" dára púpọ̀. Ó sọ pé bàbá kan ni ó bí wa, ó tán. Àwọn ọkùnrin méjì tí iwájú orí wọn jọra jókòó sínú palọ̀. Twi bàbá mi ti gbó, kò kọjá ìkíni àti iye owó ọjà. Àbúrò rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Àǹtí mi jókòó sáàárín wọn, ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu èyí sí etí ìyẹn. Mo jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá èdè, mo ti kọ ìwé lórí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí ọmọ bàbá kan náà nílò rẹ̀. Àbúrò bàbá mi béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé bàbá wọn máa ń dárúkọ òun? Bàbá mi ní lójoojúmọ́ ni, bí ó bá ń kí oríkì àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, kì í fo tirẹ̀. Ó wá kí i ní oríkì náà. Ìyẹn kò dúró de ògbufọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n

Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1981, kọ̀ kí wọ́n máa lé àjèjì jáde lọ́pọ̀ ní àpapọ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i tán ní ọdún 1983 kan náà, lẹ́yìn tí ó ti lé àwọn ènìyàn tirẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òfin ayé òde òní ń mú, ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí kò fi di àtijọ́.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa wà. Òfin ọdún 1996 níbẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá gbé ìlú láìní ìwé fún ohun tí ó ju ọjọ́ 180 lọ, tí ó sì jáde, kò ní lè padà fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá ni. Wọ́n lè fojú fo ìyà náà bí ó bá máa ni ọkọ, aya tàbí òbí rẹ̀ tí ó ní ìwé lára kọjá ààlà. Ìnira ọmọ rẹ̀ nìkan kò tó, bí ọmọ náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, bíbí ọmọ sí London kò sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀ mọ́ àyàfi bí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tí ó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ láìlópin. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ní 1982 àti àbúrò tí wọ́n bí ní 1984 nínú yàrá kan náà lè ní ìwé tí ó yàtọ̀.

N kò sọ pé orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn kì í ṣe ilé. Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣòfin tí ó bá kọ ìyà sórí àjèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àjèjì náà ní ìyàwó tí í ṣe ọmọ onílẹ̀, àti ọmọ tí ó ń kọ orin orílẹ̀-èdè náà nílé ìwé láràárọ̀. A kò lè fa ewé ya kúrò lára ọṣẹ kí ọṣẹ má bá a lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ní àgbà kan nílé tí ó bọ̀ láti Gánà ní ọdún 1969, ẹ lọ jókòó tì í nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ẹ má ṣe bi í nípa ìjọba nìkan. Ẹ bi í pé ta ni ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀.